Bí A Ṣe Ń Ya Máàpù Àdúgbò Fún Ìjábọ̀ Láìná Owó Gọbọi

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ náhàwù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ fíkíhì tí ẹ ti mọ̀ mọ́ wa. Ọ̀rọ̀ máàpù ni. Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tí ó kan aláàfáà pẹ̀lú máàpù yíyà, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ohun tí ó gbé wa débẹ̀.

Ní àkókò òjò kan, àwọn ọmọ kíláàsì kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í pa ilé-kéwú jẹ. Lọ́jọ́ Ajé, àwọn mẹ́ta kò wá. Nígbà tí yóò fi di Ọjọ́rú, wọ́n ti di mẹ́jọ. Inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ni ẹjọ́ gbogbo wọn. Àwọn òbí kan ní àkàrà ẹnu ọ̀nà ni, àwọn kan ní eyín ló ń hù, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún méje ni wọ́n ń wí. Àwa olùkọ́ fura sí omi. Ní apá ọ̀dọ̀ wa ní Ìkòtún, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń fa omi kànga, ṣáláńgá tàbí sọ́kàwé sì wà lẹ́yìn ilé kọ̀ọ̀kan, lórí ìdajì pulọ́ọ̀tì. Ibi tí ọ̀kan bá sún mọ́ ìkejì jù, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ìgbìmọ̀ ilé-kéwú ní kí a kọ ìjábọ̀ sí ẹgbẹ́ àwọn onílé. A kọ ọ́, ojú ewé márùn-ún gbáko, a sì fi sùúrù kọ ọ́. Nígbà tí a dé ìpàdé, alága ṣí ojú ewé kìíní, ó fò sí ẹ̀kẹta, ó wá bi wá pé, "Ẹ̀yin aláàfáà, kànga wo gan-an lẹ ń sọ?" A ní èyí tí ó wà lẹ́yìn ilé aláwọ̀ ewé, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń lọ ata. Baba kan ní ilé aláwọ̀ ewé méjì ló wà níbẹ̀. Ìyá kan ní wọ́n ti kun ọ̀kan ní funfun láti ọdún tó kọjá. Ẹ̀rín bẹ́. Wọ́n fi ìwé wa sí abẹ́ tábìlì, wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ owó ọlọ́dẹ.

Bí a ti ń padà sílé ni ọ̀kan nínú wa sọ pé ká ní a ya ọ̀nà náà sórí bébà ni, ta ni yóò máa bá wa jiyàn awọ̀ ilé?

Àwa kọ́ ni a kọ́kọ́ rò ó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1854, àrùn onígbáméjì jà ní àdúgbò Soho nínú ìlú London. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà gbà pé òórùn burúkú inú afẹ́fẹ́ ló ń fà á. Dókítà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ John Snow ní tirẹ̀ sọ pé omi ni. Ó mú máàpù àdúgbò náà, ó fa ìlà dúdú kékeré kan sí ojúlé kọ̀ọ̀kan fún ẹni kọ̀ọ̀kan tí ó kú níbẹ̀, ó sì sàmì sí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń fa omi. Àwọn ìlà náà ṣù jọ yí ẹ̀rọ omi kan ká, èyí tí ó wà ní òpópónà Broad Street. Ilé àwọn aláìní kan wà nítòsí ibẹ̀ tí ó ní kànga tirẹ̀. Àwọn tí ó kú nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Òótọ́ ni pé àrùn náà ti ń rọlẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sá kúrò ládùúgbò. Òótọ́ sì ni pé ẹnu ni Snow fi bá ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú kí ó tó tẹ máàpù rẹ̀ jáde. A sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé iṣẹ́ ìyanu ni máàpù. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa àrùn ọdún yẹn, bébà kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo ayé ṣì ń wò. Àwa náà ní Èkó kò tíì bọ́ lọ́wọ́ àrùn ọ̀hún: ó jà ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ẹ̀mí sì bá a lọ.

Nítorí náà, a lọ béèrè iye tí wọn yóò gbà láti ya máàpù ọ̀nà wa fún wa. Iye tí wọ́n pè ju owó oṣù olùkọ́ kan lọ. A dúpẹ́, a jáde. Lẹ́yìn èyí ni a pinnu láti fi ọwọ́ ara wa ṣe é. Ohun tí a kọ́ nínú rẹ̀ ni a fẹ́ sọ fún yín, nítorí kò sí mọ́sálásí tàbí ẹgbẹ́ àdúgbò tí kò ní kọ ìjábọ̀ lọ́jọ́ kan: bí ó bá jẹ́ ti gọ́tà, bí ó bá jẹ́ ti tiransifọ́mà, bí ó bá jẹ́ ti ibi tí mọ́tò ti ń gbá àwọn ọmọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni máàpù tí ẹ óò gbé tiyín kà. Kò sí ìdí láti bẹ̀rẹ̀ láti òfìfo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a kàn ya àwòrán ojú fóònù wọn, wọn a gbé e lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, wọn a ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ohun tí yóò jáde kò ní wúlò: orúkọ ilé ìtajà àti ilé ìfowópamọ́ yóò kún inú rẹ̀, ọ̀nà yín yóò rí tín-ín-rín bí irun, nígbà tí wọ́n bá sì ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò di eérú. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn tó ni irú máàpù bẹ́ẹ̀ ní àdéhùn tí wọ́n fi dè é. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí lójú fóònù ni a lè tẹ̀ sínú ìwé.

Èyí tí a lò ni OpenStreetMap. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Steve Coast, ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 2004. Àwọn ènìyàn lásán káàkiri ayé ni wọ́n ń yà á, bí ìgbà tí gbogbo ará àdúgbò bá jọ ń ṣán ọ̀nà. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè tẹ̀ ẹ́, ẹ lè yí i padà, ẹ lè tà á pàápàá. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí ẹ kọ orúkọ wọn sí ìsàlẹ̀ máàpù pé àwọn ni ẹ ti mú un. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sì lè gba àwòrán ibi tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún yín. Bí ọ̀nà yín kò bá sí nínú rẹ̀, ẹ̀yin náà lè fi kún un. Tiwa wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí àwọn ọmọ ń gbà kọjá kò sí. Ìyẹn kò yà wá lẹ́nu. Makoko tí ó wà lórí omi níhìn-ín ní Èkó, tí gbogbo ènìyàn mọ̀, títí di ọdún 2019 tí wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń fò yà á láti òkè, ojú omi lásán ni ọ̀pọ̀ máàpù ń fi ibẹ̀ hàn.

Ẹni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà lè lo ètò kan tí ń jẹ́ QGIS, ọ̀fẹ́ ni òun náà láti ọdún 2002 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó lágbára gan-an, àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ilẹ̀ ń fi í jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ ó jókòó kọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ ó sì ra epo sí jẹnẹrétọ̀ nígbà tí iná bá lọ. Fún ọ̀nà kan ṣoṣo, pẹ́ńsù yá ju ú lọ. Èrò tiwa nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà nínú ìgbìmọ̀ wa kò gbà, wọ́n sì ti ń kọ́ ọ.

Bí a ṣe dà á kọ rèé. A mú kí wọ́n tẹ máàpù náà tóbi sórí bébà, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì fèrèsé tí oòrùn ń tàn sí, a gbé bébà mìíràn lé e, gbogbo ìlà sì hàn. Lálẹ́, ẹ lè gbé gíláàsì lúfà kan lé ìwé méjì, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn kan a máa fi òróró ẹ̀pà díẹ̀ pa bébà kí ó lè máa fi òdìkejì hàn. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ èyí tí a dán wò, àwọn èèrà ló kọ́kọ́ kà á.

Ohun tí ó le jùlọ kì í ṣe ohun tí ẹ óò yà, ohun tí ẹ óò fi sílẹ̀ ni. Ọmọ tó ń ya máàpù fẹ́ ya gbogbo nǹkan: igi máńgòrò, òpó iná, ìsọ̀ ẹlẹ́pà, ajá alágbára ilé kẹrin. Ẹ bi í pé, kí ni ìjábọ̀ wa ń sọ? Bí ó bá jẹ́ ti omi, ọ̀nà, ilé, gọ́tà, kànga àti ṣáláńgá tó. Ẹ fi ìlà tín-ín-rín ya ọ̀nà àti ilé, ẹ fi èyí tí ó nípọn ya ohun tí ẹjọ́ wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá wo máàpù gbọ́dọ̀ rí kànga kí ó tó rí ilé. Ibi tí ẹwà máàpù wà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ rò pé òdòdó tí a yà yí etí bébà ká ló ń mú un rẹwà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ yà á tóbi ju bí ẹ ṣe fẹ́ kí ó rí lọ. A lo bébà ńlá A3, a sì ní kí ẹlẹ́rọ fọ́tókọ́pì dín in kù sí A4. Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n, ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀rọ ń pè é. Bí àwòrán bá ti kéré sí i, ọwọ́ tó gbọ̀n kò ní hàn mọ́, ìlà tó wọ́ díẹ̀ yóò sì dà bí ẹni pé ẹ̀rọ ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹ kọ lẹ́tà tóbi, nítorí òun náà yóò dín kù. Àwọn ọmọ wa tí ọwọ́ wọn ti mọ́ lára wàláà ni a fún ní iṣẹ́ orúkọ kíkọ. Kọ̀ǹpútà bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kì í fẹ́ kọ àmì ohùn Yorùbá dáadáa. Ọmọ tí ó ti ń fi kálámù kọ fátíhà láti ọmọ ọdún márùn-ún kò ní irú ìṣòro yẹn.

Nípa òṣùwọ̀n, a fẹ́ kí ẹ fi etí sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwa gan-an ti kọ́kọ́ ṣìṣe. A yan sẹ̀ǹtímítà 1 fún mítà 10. Ọ̀nà wa gùn tó bíi mítà 350, sẹ̀ǹtímítà 35 nìyẹn, ó sì wọ inú bébà A3 tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 42. Ó dára bẹ́ẹ̀. A wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé "sẹ̀ǹtímítà 1 dúró fún mítà 10." Nígbà tí wọ́n dín in kù tán, ọ̀rọ̀ náà di irọ́, nítorí lórí bébà A4 sẹ̀ǹtímítà 1 ti di mítà 14. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló fi rúlà rẹ̀ mú wa. Láti ọjọ́ náà, a kì í kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ mọ́. A máa ń fa ìlà kan tí a pín sí ìdá márùn-ún, a ó kọ 0 sí ìbẹ̀rẹ̀ àti mítà 50 sí ìparí. Bí ẹ̀rọ bá dín máàpù kù, yóò dín ìlà náà kù pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá fẹ̀ ẹ́, ìlà náà yóò fẹ̀ pẹ̀lú.

Wíwọn ilẹ̀ ńkọ́? Fóònù lè sọ ibi tí ẹ wà, ṣùgbọ́n ní gbangba pàápàá ó lè fi mítà bíi márùn-ún ṣìnà, láàárín ilé alájà a sì tún máa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ẹni tí ń wá ọ̀nà láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgàndó, kò burú. Fún ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá mítà mẹ́wàá ni ó wà láàárín kànga àti ṣáláńgá tàbí mítà ogún, kò wúlò rárá. Okùn ni a lò. A ra okùn ìsá-aṣọ, a fi tépù télọ̀ wọ̀n ọ́n, a so kókó sí mítà kọ̀ọ̀kan. Ibi tí okùn kò ti lè wọlé, ẹsẹ̀ ni. A ní kí ọmọ kan rìn ní mítà ọgọ́rùn-ún lórí ọ̀nà, a ka ìṣísẹ̀ rẹ̀, ó jẹ́ 132. Nígbà tí ó wá rìn láti kànga kan dé ṣáláńgá tó tẹ̀lé e ní ìṣísẹ̀ 18, ẹ fi 132 pín 100, ẹ fi 18 sọ ọ́ di púpọ̀, mítà 13 àti ààbọ̀ ni, ó lé díẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n máa ń sọ pé ìṣirò kò ní ohun tí ó fẹ́ fún àwọn ń sáré wá pín nǹkan lọ́jọ́ náà. Méjì-méjì ni wọ́n ń rìn, olùkọ́ kan a máa tẹ̀lé wọn, wọn kì í sì í wọ àgbàlá ẹnikẹ́ni láìkí onílé kí wọ́n sì gba àṣẹ.

Ìdí tí a fi ń wọ̀n ọ́n ni pé ìlànà tí àwọn oníṣẹ́ ìlera máa ń tọ́ka sí ni kí ó kéré tán mítà 30 wà láàárín ṣáláńgá àti ibi tí a ti ń fa omi ilẹ̀. Lórí ìdajì pulọ́ọ̀tì, ẹ sọ fún wa ibi tí ẹ óò ti rí mítà 30. A kò retí pé kí ẹnikẹ́ni pé é. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni àwọn tí ó burú jù.

Nípa àwọ̀, àwọn ọmọ fẹ́ lo gbogbo kíréyọ̀nù inú páálí. A sọ fún wọn pé àwọ̀ mẹ́rin péré tó láti kun máàpù èyíkéyìí lórí bébà, bí ó ti wù kí ó lọ́jú pọ̀ tó, láìsí pé ibi méjì tó pààlà yóò ní àwọ̀ kan náà. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti fura sí èyí láti ọdún 1852, ṣùgbọ́n ọdún 1976 ni Kenneth Appel àti Wolfgang Haken tó fi kọ̀ǹpútà fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn ọmọ kò gbà wá gbọ́. A gbé Alímọ̀ṣọ́ fún wọn: láti ọdún 2003 tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti pín in, ó di mẹ́fà, èyíinì Àgbádo-Òkè-Odò, Ayọ̀bọ́-Ìpájà, Ẹ̀gbẹ́-Ìdímù, Ìkòtún-Ìgàndó, Mọ́sàn-Òkúnọlá àti Alímọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n fi àárọ̀ kan gbìyànjú láti rí èyí tí yóò béèrè àwọ̀ karùn-ún, wọn kò rí i. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ra kíréyọ̀nù mẹ́rin dípò páálí kan.

Ṣùgbọ́n fún ìjábọ̀ tí a óò pín fún ogójì ènìyàn, àwọ̀ kò ṣe é gbára lé. Dúdú àti funfun ni fọ́tókọ́pì tí owó wa ká, pupa àti àwọ̀ ewé yóò sì di eérú kan náà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwòrán àmì yàtọ̀ sí ara wọn: òbíríkítí tí inú rẹ̀ funfun fún kànga, igun mẹ́rin tí a kùn dúdú fún ṣáláńgá, igun mẹ́ta fún bọ́ọ̀hólù. Ẹ kọ ìtumọ̀ wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó má gba ààyè ju ìka mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe fọ́tókọ́pì tán, ẹ lè fi ọwọ́ kun ti alága àti ti akọ̀wé. Ẹni tí a bá fún ní èyí tó ní àwọ̀ kì í tì í sí abẹ́ tábìlì, a ti rí i.

Kò gbọdọ̀ ṣàìsí ọfà àríwá. Òbí kan fi ẹjọ́ sùn wá pé ọmọ òun ya gúúsù sókè, pé ṣé bí a ṣe ń kọ́ wọn nìyẹn. Ọmọ náà kò jẹ̀bi. Ní ọdún 1154, Al-Idrisi tí wọ́n bí ní Sabta ní ìlà oòrùn Tánjà parí ìwé ńlá rẹ̀ nípa ayé fún Ọba Roger Kejì ti Sicily. Máàpù 70 ni ó fi pín ayé tí wọ́n mọ̀ nígbà náà, gúúsù sì ni ó fi sókè nínú gbogbo wọn. Àwọn arìnrìn-àjò àti oníṣòwò ni wọ́n ń bi léèrè ọ̀rọ̀ fún ọdún bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó parí rẹ̀, ohun tí ẹnu wọn bá kò lé lórí ni ó ń kọ. Ṣáájú rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 833, Al-Khwarizmi ti kọ ìwé tí ó to ibi tí ìlú ọ̀kan-ò-jọ̀kan wà ní ayé lẹ́sẹẹsẹ, ó sì tún àwọn àṣìṣe tó wà nínú iṣẹ́ Ptolemy ṣe. A sọ fún òbí náà pé ibi tí ọmọ bá fi sókè kò ṣe nǹkan, bí ó bá ṣá ti ya ọfà tí ó fi hàn. Àmọ́ fún ìpàdé àwọn onílé, ẹ fi àríwá sókè. Kò sí àyè fún ìjiyàn Al-Idrisi níbẹ̀.

Ẹ̀yin ìmáàmù tí ẹ fẹ́ fi máàpù mọ ibi tí mọ́sálásí tuntun yóò kọjú sí, ẹ ṣọ́ra. Ayé rí roboto, bébà tẹ́ pẹrẹsẹ. Láti Ìkòtún, ọ̀nà tó kúrú jù lọ sí Mẹ́kà jẹ́ bíi ìwọ̀n 63 láti àríwá sí ìhà ìlà oòrùn. Bí ẹ bá gbé rúlà lé irú máàpù ayé tí a máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì, ìwọ̀n 67 ni yóò fún yín. Máàpù àdúgbò kò ní ìṣòro yìí, ó kéré jù láti mọ̀ pé ayé tẹ̀.

Bayìí, ọ̀rọ̀ ìtìjú. Máàpù àkọ́kọ́ tí a yà ní orúkọ àwọn onílé nínú. Kí a tó gbé e jáde ni olùkọ́ àgbà kan wò ó, ó ní, "Ẹ kò tíì sọ̀rọ̀, ẹ ti ń ba ènìyàn lórúkọ jẹ́." Òótọ́ ni. Onílé tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá yóò fi gbogbo ìpàdé gbèjà ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ omi mọ́. A pa orúkọ rẹ́, a fi nọ́ńbà sí ojú kànga kọ̀ọ̀kan, láti 1 dé 23. Ìwé tí nọ́ńbà àti onílé wà wà lọ́wọ́ akọ̀wé nìkan. Àwọn ilé tí àìsàn ti wọ̀, a kò sàmì sí ojúlé wọn rárá. A kọ iye wọn sí ìdá ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Dókítà Snow sàmì sí ojúlé àwọn tó ti kú; àwọn tiwa wà láàyè, wọ́n sì ń bọ̀ wá sí kíláàsì.

Nígbà tí a fi okùn wọn gbogbo rẹ̀ tán, a ṣètò rẹ̀ láti èyí tó sún mọ́ ara wọn jù. Mẹ́rin nínú kànga 23 náà kò tó mítà 10 sí ṣáláńgá. A wo èyí tó burú jù, nọ́ńbà 14. Mítà méje. Kànga ilé tí ó wà lẹ́yìn ògiri wa ni, omi rẹ̀ ni àwọn ọmọ kíláàsì kékeré máa ń bẹ̀ mu nígbà ìsinmi. Ṣáláńgá tí ó sún mọ́ ọn, ti ilé-kéwú wa ni.

A jókòó fún ìgbà pípẹ́. Ẹnì kan láàárín wa, a kò ní dárúkọ rẹ̀, sọ pé ṣé kò ṣeé ṣe kí a gbé igun mẹ́rin dúdú náà sún díẹ̀ sí apá òsì. Rúlà wà nílẹ̀, pẹ́ńsù wà nílẹ̀, èrésà wà nílẹ̀. Mílímítà mẹ́ta péré ni ì bá jẹ́. Àwọn ọmọ tó fa okùn náà ń wò wá.

A fi í síbẹ̀ bí ó ṣe wà. Nígbà ìpàdé, alága gbé bébà náà sókè, ó wò ó fún bí ìṣẹ́jú kan láìsọ̀rọ̀, ó ní, "Mẹ́rìnlá yìí, ta ló ni ṣáláńgá ibẹ̀?" A ní àwa ni. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Onílé kan ní, tí àwọn aláàfáà bá lè sọ tiwọn, òun náà fẹ́ mọ nọ́ńbà òun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tọ akọ̀wé lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ní jẹ́ẹ́jẹ́. Wọ́n ti kànga mẹ́ta pa lóṣù náà, wọ́n bo àwọn tó kù, wọ́n sì fi ohùn ṣọ̀kan pé kí àwọn tó ṣì ń fà á máa se omi mímu. Àwa ní láti di ṣáláńgá wa, kí a sì gbẹ́ òmíràn sí apá kejì àgbàlá. Owó rẹ̀ ju iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè fún máàpù lọ ní ìlọ́po púpọ̀, ẹ̀yin òbí sì rántí owó àkànṣe tí a bu fún yín ní ọdún náà, tí àwọn kan nínú yín bínú sí. Ohun tí a ná an sí nìyẹn.

Máàpù kejì ti wà lára ògiri ọ́fíìsì báyìí, pẹ̀lú ọjọ́ tí a yà á ní ìsàlẹ̀, ìlà òṣùwọ̀n tó tọ̀nà, àti igun mẹ́rin kan tí a fi ìlà méjì pa lẹ́yìn ògiri nọ́ńbà 14. Nígbà ìsinmi tó ń bọ̀, ọ̀nà tó tẹ̀lé tiwa ni a óò wọ̀n, títí dé etí gọ́tà ńlá. Àwọn ọmọ kíláàsì òkè tó bá fẹ́ bá wa lọ, kí wọ́n mú bàtà tó bo ẹsẹ̀, rúlà àti ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ òbí wọn. Okùn wà lọ́dọ̀ wa.